Kọ́kọ́rọ́ Fuatino àti Ẹlẹ́dẹ̀ Mẹ́rin

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, inú agolo bisikíìtì ńlá kan ni Fuatino ń kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ sí: ti ṣọ́ọ̀bù, ti ilé ìkẹ́rùsí, ti yàrá yìnyín, títí kan ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀gá. Agolo náà kì í jìnnà sí i. Tó bá ń jẹun, ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá ń gbàdúrà ọ̀sán, ó wà lórí itan rẹ̀, débi pé tó bá ṣe àmín, gbogbo kọ́kọ́rọ́ náà á mì jìgìjìgì, wọ́n á ṣe àmín pẹ̀lú rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Matautu, lẹ́bàá èbúté Apia, níbi tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń kó ìyẹ̀fun, ẹja inú agolo, aṣọ àti bàtà wọlé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀, Ioramo Fesolai, pè é sínú ọ́fíìsì, ó ní ayé ti yí padà, kọ́kọ́rọ́ tuntun ti dé, wọn kò ṣeé fojú rí, òun náà ni yóò sì máa tọ́jú wọn.

"Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ tí mi ò lè rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ tó bá sọnù?"

"Wọ́n á kọ́ yín, Màmá Tino."

Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni, tó ń darí gbogbo iṣẹ́ ilé náà, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àkáǹtì tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tajà á rí iye ọjà, kò ní rí owó oṣù ẹlòmíì. Ẹni tó wà nílé ìkẹ́rùsí á lè kó ẹrù jáde, kò ní lè dín iye kù. Fuatino ni yóò máa sọ ẹni tó lè wọ ibí àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ yọjú sí ọ̀hún. Ó gba iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè díákónì. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó ti tọ́ ọmọ márùn-ún, kò sì sí ẹni tó tún ń kọ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "rárá".

Àmọ́ àwọn tó kù ní ilé-iṣẹ́ náà kò mọ "rárá" í sọ. Níbẹ̀, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ bá tọrọ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn ẹ, o ó bọ́ ọ fún un, wàá tún bá a de bọ́tìnnì. Páásíwọ́ọ̀dù tí kò tiẹ̀ ní bọ́tìnnì ńkọ́? Ní oṣù kejì tí ètò náà dé, Setu, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí, gba àyè lọ sin àbúrò bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn gan-an, kọ̀ǹpútà sọ pé Setu ta irinwó àpò ìyẹ̀fun, ó sì wà níbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

"Setu, ṣé o ti di ẹ̀mí ni?" Fuatino bi í nígbà tó dé. "O ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, o wà nídìí káńtà, o tún wà ní yàrá yìnyín."

"Ẹ ṣàánú mi, Màmá Tino. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀ mí."

"Mélòó ni wọ́n?"

Setu wo ilẹ̀. "Mọ́kànlá."

Fuatino ní kí gbogbo wọn yí páásíwọ́ọ̀dù wọn padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Wọ́n yí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló rí i pé gbogbo ilé-iṣẹ́, láti orí akọ̀wé dé orí awakọ̀, nọ́ńbà orin tí wọ́n fi parí ìsìn ní Sọ́ńdè ni wọ́n ń lò. Ẹni tí kò bá ti pa ìsìn jẹ lè wọ àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń sùn lákòókò ìwàásù nìkan ni wọn ò lè jí nǹkan.

Ìyẹn ló mú kí Fuatino ṣe òfin tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ẹnìkan, kọ́kọ́rọ́ kan. Kọ́kọ́rọ́ àgbà, èyí tí wọ́n fi ń sọ fún èbúté pé "ẹ tú kọ̀ǹténà wa sílẹ̀", tí wọ́n tún fi ń fún ẹlòmíì láṣẹ gíga, ọwọ́ ọ̀gá nìkan ló wà. Àwọn tó ṣe ètò náà, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Auckland, kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta pé kó jẹ́ ẹni méjì, nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Fuatino dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ọlọ́run kan ló wà lókè, ọ̀gá kan ló wà nísàlẹ̀." Ó ka ìdáhùn náà fún ọkọ rẹ̀ nílé, ó tún un kà fún pásítọ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i fún bí oṣù kan. Olúwa gbọ́ gbogbo rẹ̀, Ó kàn ń wò ó níran ni.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Sọ́ńdè Funfun.

Ẹ ẹ̀ ní láti rí Sọ́ńdè Funfun kẹ́ ẹ tó mọ bó ṣe ń ṣe àwọn ìyá. Ọjọ́ àwọn ọmọdé ni. Àwọn ló ń ka ẹsẹ Bíbélì, àwọn ló ń kọrin, àwọn ló ń ṣeré níwájú ìjọ, àwọn ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún lọ́jọ́ yẹn, tí àwọn bàbá alágbára á máa gbé àwo ká bí ọmọ ọ̀dọ̀. Gbogbo ọmọ, láti orí dé bàtà, funfun báláú ni. Fuatino ni olórí Sọ́ńdè sùkúù ìjọ wọn, ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ó ti dúró níwájú gbogbo òbí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ran aṣọ kankan.

"Ẹ káwọ́ lérán," ó ní. "Aṣọ ti wà nínú kọ̀ǹténà, kọ̀ǹténà ti wà lójú omi, Ọlọ́run ló sì ni omi."

Wọ́n káwọ́ lérán lóòótọ́. Kò sí ìyá kan tó ra ìrépé aṣọ. Tiresa, ọmọ ọmọ Fuatino tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ń ka ẹsẹ Bíbélì tirẹ̀ sí adìyẹ létí láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ti sọ fún gbogbo ọmọ àdúgbò pé bàtà òun á ní òdòdó lórí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn, Ioramo Fesolai sọdá sí erékùṣù Savaiʻi, ní abúlé bàbá rẹ̀, wọ́n sì fi í joyè Taualagi, oyè bàbá bàbá rẹ̀. Wọ́n po ʻava, ohun mímu oyè, wọ́n gbé ife fún un, wọ́n kígbe orúkọ tuntun náà, ọ̀rọ̀ parí. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pe olóyè ní orúkọ ọmọdé mọ́. Setu fi fídíò ayẹyẹ náà han gbogbo ọ́fíìsì láàárọ̀ Mọ́ńdè, àmọ́ Fuatino ti rí i nílé nígbà mẹ́rìnlá, omi ayọ̀ sì ti jáde lójú rẹ̀ ní mẹ́tàlá nínú rẹ̀.

Kò tiẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kó tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ yẹn. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó rí i tó kọ ọ́ síbẹ̀: Ioramo Fesolai. Bẹ́ẹ̀ lásán, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń kiri páníkéèkè! Ojú tì í fún kọ̀ǹpútà náà.

"Ìwọ ẹ̀rọ yìí," ó ní, "ta ló tọ́ ẹ?"

Ó fẹ́ yí orúkọ náà padà, ètò náà ní kò ṣeé yí. Ó wá ṣí àkáǹtì tuntun: Olóyè Taualagi. Ó dùn ún wò! Ó kù kí wọ́n sin ti àtijọ́. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti ti àkáǹtì pa. Kọ̀ǹpútà bi í pé ṣé ó dá a lójú.

"Ó dá mi lójú bí ìgbàlà," Fuatino wí, ó tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú lẹ́tà pupa. Fuatino kò ka lẹ́tà pupa náà, nítorí ó mọ irú ohun tí àwọn alátakò máa ń sọ. Ó tẹ̀ ẹ́ gbì. Ó dìde, ó jó díẹ̀ yí àga ká, ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó mu ife kòkó gbígbóná kan, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó bọlá fún olóyè ní gbogbo Apia.

Ọkọ̀ ojú omi tó gbé kọ̀ǹténà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Setu wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ìdààmú hàn lójú rẹ̀.

"Màmá Tino, ọ̀gá ló wà lórí fóònù láti abúlé. Wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí i kí èbúté tú kọ̀ǹténà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní àwọn ò sí."

"Àwọn ta ni ò sí?"

"Àwọn ọ̀gá. Ó ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀."

"Kí wọ́n wọlé pẹ̀lú orúkọ oyè."

"Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà wọ́n wọlé, ó kí wọn káàbọ̀, ó wá sọ pé wọn ò láṣẹ láti ṣe nǹkankan."

Fuatino rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò le. Ó jókòó, ó béèrè pé kí ètò náà fún Olóyè Taualagi ní kọ́kọ́rọ́ àgbà. Ìdáhùn jáde kíá: ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àgbà lọ́wọ́ nìkan ló lè fún ẹlòmíì. Ìbéèrè yín ti lọ sọ́dọ̀ Ioramo Fesolai fún ìfọwọ́sí.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà.

"Kí ló sọ?" Setu bi í.

"Ó ní kí Ioramo wá fọwọ́ sí Taualagi."

"Ioramo tí ẹ tì pa?"

"Òun náà."

"Èyí tí ọ̀gá jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

"Setu, ṣé mo bi ẹ́ ni?"

Setu ronú díẹ̀. "Ẹ ẹ̀ ṣe jí i dìde?"

"Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àgbà nìkan ló lè jí i dìde."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àgbà?"

Fuatino gbé ojú sókè. Ó ń wo bébà tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ èbúté ti sọ pé bí aago méjìlá bá ti lù lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn á ti géètì, ó di Túsìdeè lẹ́yìn ọlidé Mọ́ńdè. Kọ̀ǹténà á jókòó síbẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè Funfun, ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n á sì dúró níwájú Olúwa pẹ̀lú jẹ́sì ráàgíbì.

Ó pe Auckland. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hinemoa ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àgbọn. Ó ní òun lè ṣí àkáǹtì náà padà ní ìṣẹ́jú kan. Ohun méjì péré lòun ń fẹ́: kí ẹni tó ni àkáǹtì fúnra rẹ̀ dáhùn tí wọ́n bá fi orúkọ tó wà lórí rẹ̀ pè é, kí òun gbọ́ ọ létí, kó sì dáhùn ìbéèrè àṣírí tó yàn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i.

"Kò le rárá, ìyá," Hinemoa wí. "Kí wọ́n kàn jẹ́ Ioramo ni."

"Ọmọ mi," Fuatino ní, "o ò mọ ohun tí o sọ yẹn."

Nítorí olóyè tuntun kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ẹní nílé ìpàdé abúlé títí di ọjọ́ Ẹtì. Àlejò ló ń gbà. Nínú ilé ìpàdé náà, ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu pe orúkọ àtijọ́, ẹlẹ́dẹ̀ kan ni owó ìtanràn rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti ń wọ abúlé yẹn ni òpó kẹta nílé ìpàdé, lọ́wọ́ òkun. Ẹni tó ń fẹ̀yìn ti òpó kẹta ni Pulelau, agbẹnusọ àwọn olóyè, tí ìrùkẹ̀rẹ̀ kì í kúrò léjìká rẹ̀, tó sì ti gba ẹlẹ́dẹ̀ ìtanràn ju ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo Savaiʻi.

Fuatino wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ láti lọ bẹ àwọn àgbà. Omi ń ru. Ó di ìrin ọkọ̀ mú, ó ń gbàdúrà, àdúrà náà sì kúrú: "Baba, mo ti mọ̀. Ẹni méjì. Mo ti gbọ́."

Nígbà tó dé, ilé ìpàdé kún. Àwọn olóyè jókòó yípo, òpó kan ẹnìkan, afẹ́fẹ́ òkun ń wọlé níbi tí ògiri ì bá wà. Ọ̀gá rẹ̀ wà láàárín, òróró àgbọn ń dán lára rẹ̀, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n ti fún ní oúnjẹ jù fún ọjọ́ márùn-ún. Bí Fuatino ṣe rí i, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹnu rẹ̀ ṣáájú ọpọlọ rẹ̀.

"Ọ̀gá Ioramo!"

Pulelau gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́.

"Obìnrin Apia, ẹ káàbọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kan."

"Ẹ forí jì mí, bàbá."

"Mo ti forí jì yín. Ẹlẹ́dẹ̀ ni kò tíì forí jì yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín yíká. Fuatino jókòó, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó sì rò fún wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, láìfi ara rẹ̀ pamọ́: bó ṣe fẹ́ bọlá fún olóyè, bó ṣe tì í pa, bí aṣọ àwọn ọmọ ṣe wà ní èbúté. Àwọn àgbà náà mi orí. Ọ̀rọ̀ ọmọdé àti Sọ́ńdè Funfun ká gbogbo wọn lára, ó kéré tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ọmọ mẹ́wàá.

"Ẹ pe ọmọ Auckland náà," Pulelau wí. "Èmi ni màá bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ sísọ."

Wọ́n gbé fóònù sídìí òpó kẹta, wọ́n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba.

"Ẹ káàárọ̀, Hinemoa lorúkọ mi. Ṣé Ioramo ló wà lórí fóònù?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ kan," Pulelau wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni?"

"Má dá wọn lóhùn, ọmọ mi," Fuatino sáré sọ.

"Ó dáa. Mo kàn ń fẹ́ kí Ioramo fúnra wọn..."

"Ẹlẹ́dẹ̀ méjì!"

"Ìyá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí," Hinemoa wí, "ó ń jọ pé ẹnìkan ń ka ẹlẹ́dẹ̀."

Ọ̀gá ti fi ẹní bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Fuatino kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Olóyè kan lódì kejì ti da ife ʻava sí ara rẹ̀. Pulelau nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gba ọ̀rọ̀ náà sí iṣẹ́. Ó mú fóònù náà, ó gbé e súnmọ́ ẹnu bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́, ó sì ké pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá ènìyàn ẹgbẹ̀rún sọ̀rọ̀ ní pápá:

"Ọmọbìnrin! Fetí sílẹ̀ dáadáa! Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Ioramo nínú ilé yìí!"

Orúkọ náà fò jáde láàárín àwọn òpó, ó kọjá lórí àwọn ilé, adìyẹ fò. Olóyè tó da ʻava sára ló kọ́kọ́ gbé ìka kan sókè, jẹ́jẹ́.

"Pulelau," ó ní. "Ẹlẹ́dẹ̀ kan."

Ẹ̀rín bú jáde ní gbogbo ilé. Àgbà tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà ìjì ńlá ọjọ́sí fi orí gbá òpó. Pulelau la ẹnu, ó pa á dé, ó la á, ó wo ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bíi pé òun ló sọ̀rọ̀. Àárín ariwo yẹn ni ohùn kan ti jáde láti ilé ìdáná lẹ́yìn, ohùn arúgbó, tó le koránkorán. Màmá Sieni ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ìyá tó bí olóyè tuntun. Ó wà nídìí òkúta gbígbóná tó fi ń yan kókò, ó sì ti gbọ́ tí wọ́n ń kígbe orúkọ ọmọ rẹ̀.

"Ioramo! Ioramo o! Ṣé o ti jẹun?"

Kò sí ọkùnrin tó le tó bẹ́ẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, olóyè Taualagi ti na ọrùn síta bí ọmọ ọdún méje.

"Rárá o, Màmá! Mo ń bọ̀!"

"Àwọn nìyẹn!" Hinemoa ké láti Auckland. "Mo gbọ́ wọn! Wọ́n dáhùn orúkọ náà. Mo ti fàmì sí i."

Gbogbo ojú yí sí Pulelau. Ó dìde dúró, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì rántí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹnu ìyá," ó kéde, "kò sí lábẹ́ ìgbìmọ̀ yìí. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀."

"Kí ló ń sọ nípa ẹlẹ́dẹ̀?" Màmá Sieni ti yọ sí ẹ̀bá ilé, eérú lójú, igi lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, màmá, kò sí nǹkan kan," Pulelau dáhùn.

"Ó ku ìbéèrè àṣírí," Hinemoa wí. "Kí lorúkọ ẹran ọ̀sìn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ní?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gá pátápátá. Ó wo Fuatino. Ó wo fóònù. Ó wo Pulelau, ó sì yára gbé ojú kúrò.

"Ọ̀gá, ẹ sọ ọ́," Fuatino wí.

"Mi ò rántí."

"Ẹ rántí. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi wúkọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́. Ẹ ní kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n láé."

"Màmá Tino, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹténà yẹn wà ńbẹ̀."

"Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n, ọ̀gá. Tiresa ti sọ fún gbogbo àdúgbò nípa òdòdó bàtà rẹ̀."

Ọ̀gá di ojú. Ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò gbọ́," Hinemoa wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè."

"Pulelau!" olóyè Taualagi ké.

"Mo ń gbọ́," Pulelau wí.

"Rárá, bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Pulelau," Hinemoa tún un sọ. "Ó bára mu! Ẹran wo ni, tí kò bá ní bí yín nínú?"

Màmá Sieni ló tú ọ̀rọ̀ náà síta, ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ ti ara. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ mi nígbà yẹn. Ẹlẹ́dẹ̀ náà kì í dákẹ́, ìyẹn ló ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo nà án nígbà yẹn. Ẹ bi í."

Pulelau jókòó padà sídìí òpó rẹ̀. Ó fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀. Fuatino ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n.

"Ṣé ó sanra?" Pulelau bi olóyè náà níkẹyìn.

"Ó sanra gan-an, bàbá," olóyè Taualagi wí. "Kò sí èyí tó sanra tó o ní gbogbo abúlé."

Pulelau gbé e yẹ̀ wò. "Ó dáa nígbà náà," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni Ioramo ṣe jí dìde lórí kọ̀ǹpútà. Ohun àkọ́kọ́ tó bá nínú àpótí rẹ̀ ni ìbéèrè Fuatino: ṣé Ioramo Fesolai fọwọ́ sí i kí Olóyè Taualagi gba kọ́kọ́rọ́ àgbà? Ọ̀gá mú fóònù, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó jáde gẹ́gẹ́ bí Ioramo, ó wọlé gẹ́gẹ́ bí Taualagi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì sọ fún èbúté pé kí wọ́n tú kọ̀ǹténà sílẹ̀. Èbúté ní àwọn ti gbọ́. Fuatino gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó jó láti òpó kẹta dé ọ̀dọ̀ Màmá Sieni, ó gbá a mọ́ra pẹ̀lú eérú àti igi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," Hinemoa ní kó tó lọ, "ẹ fún ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́ àgbà kejì."

"Màá ní kí ọ̀gá fún un," Fuatino dáhùn. Ó dùn ún, àmọ́ ó sọ ọ́.

Ọ̀gá san ẹlẹ́dẹ̀ Fuatino àti méjèèjì ti Hinemoa. Pulelau san tirẹ̀, ó sì ní òun kò fẹ́ kí abúlé jẹ ẹ́: kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn ọmọ Sọ́ńdè sùkúù ní Apia. Báyìí ni Fuatino ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi padà pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ ààyè kan tí wọ́n dì nínú agbọ̀n ewé àgbọn. Kò dákẹ́ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Àwọn èrò bi í kí lorúkọ rẹ̀. Fuatino rọra ní kò tíì ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ronú sí ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ kejì. Kò sí nínú àwọn tó kù tó mọ ilé ìkẹ́rùsí tó Setu. Ó gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ẹlòmíì hàn án. Ọlọ́run kò fi ẹnikẹ́ni hàn án.

"Setu, páásíwọ́ọ̀dù rẹ kò gbọ́dọ̀ ní nǹkankan ṣe pẹ̀lú orin."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Tino. Mo ti dàgbà."

Ní Sọ́ńdè, ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, funfun báláú, débi pé ojú ń ro ẹni tó bá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Tiresa ka ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lórí òdòdó bàtà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fuatino sunkún débi pé ọkọ rẹ̀ fún un ní áńkáṣíìfù tirẹ̀. Olóyè Taualagi jókòó níwájú, ó ń retí àsìkò tí yóò gbé àwo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ká fún àwọn ọmọ.

Pásítọ̀ wá dìde. "Ẹ jẹ́ ká fi orin mẹ́tàdínlọ́gọ́fà parí ìsìn."

Gbogbo ìjọ dìde. Fuatino náà dìde, ó nu ojú rẹ̀ gbẹ, ó sì bojú wo ibi tí àwọn akọrin wà. Setu wà níbẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi ohùn kíkẹ̀ kọrin. Kò tíì ṣí ìwé orin. Ó yọ báírò kúrò lápò, ó rọra ń kọ nǹkan kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.